Bí ohun tí ẹnì kan pè ní òòfà ṣe jẹ́ iná mànàmáná lójú ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ìwádìí Fermilab ní ìpínlẹ̀ Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé èsì ìkẹyìn ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Muon g-2 jáde. Múọ́ọ̀nù jẹ́ èérún tín-ń-tín kan tó jọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún tó ń gbé iná nínú wáyà, àmọ́ ó fi nǹkan bí ìlọ́po 207 wúwo jù ú lọ, kì í sì í pẹ́ tó fi ń tú ká. Ó ń yí bí òkòtó, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ òòfà kékeré. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí òkòtó náà ṣe ń yí orí padà nínú pápá òòfà ńlá kan, ìyẹn àyíká tí agbára òòfà ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n àìdánilójú tó kù nínú èsì wọn jẹ́ 127 nínú bílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà tí wọ́n rí, àti bóyá ó bá ti àwọn tó ń fi ìṣirò wá a mu, ni ìròyìn gbé káàkiri.

Ohun mìíràn nínú ìwádìí yẹn ló gba ọkàn mi jù. Wọn kì í jẹ́ kí múọ́ọ̀nù sáré bó ṣe wù ú. Ìyára kan péré ni wọ́n yàn fún un, ìdá 99.94 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì ń pe ìyára yìí ní ti idán, nítorí pé tí múọ́ọ̀nù bá ti wà lórí rẹ̀, àwọn irin oníná tí wọ́n tò yí ọ̀nà rẹ̀ ká kò ní da ohun tí wọ́n ń wọ̀n rú mọ́. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí Albert Einstein kọ ní 1905: pápá iná mànàmáná àti pápá òòfà kì í ṣe ohun méjì tó dá dúró. Ohun kan ni wọ́n. Bí ẹni tó ń wò ó bá ṣe ń rìn ló ń sọ èyí tí yóò pè ní iná nínú rẹ̀ àti èyí tí yóò pè ní òòfà.

Èdè wa gan-an ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Mànàmáná ni èyí tó ń kọ lójú ọ̀run, ara rẹ̀ la ti yá orúkọ fún iná tó ń gba inú wáyà. Òòfà ni ohun tó ń fa irin mọ́ra. Kò sí ohun tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì yé mi, torí pé ojú lásán kò rí ìbátan kankan láàárín wọn. Àwọn awakọ̀ òkun nìkan ló ti ń rí àmì kan: tí mànàmáná bá sán lu ọkọ̀ wọn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ibi tí kò yẹ. Nígbà tó di 1820, Hans Christian Ørsted ní ìlú Copenhagen rí i pé tí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí yóò yí. Ní 1831, Michael Faraday ní London fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ náà ṣeé ṣe: tí pápá òòfà bá ń yí padà, iná yóò ṣàn nínú wáyà tó wà níbẹ̀. James Clerk Maxwell kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣirò kan ṣoṣo, ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1865 sì fi hàn pé ìgbì iná àti òòfà ń rìn ní ìyára kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìgbì yẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò Maxwell sọ iye ìyára ìmọ́lẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí a fi ń wọn ìyára náà. Ṣé lójú ẹni tó dúró ni, tàbí lójú ẹni tó ń sá tẹ̀lé e? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, Michelson àti Morley, wá ìyàtọ̀ yìí kiri ní 1887, wọn kò rí i. Einstein sọ lẹ́yìn náà pé láti ọmọ ọdún 16 lòun ti ń ronú nípa ohun tí ènìyàn yóò rí tó bá sáré bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba.

Àmọ́ nígbà tó máa kọ ìwé rẹ̀ ní 1905, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ohun tuntun sílẹ̀ ní ìlú Bern, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Irin òòfà àti wáyà ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí o bá mú irin òòfà sún mọ́ wáyà tí a yí ká, iná yóò ṣàn nínú wáyà náà. Tí o bá fi òòfà sílẹ̀ tó o wá mú wáyà sún mọ́ ọn ní ìyára kan náà, iná kan náà ni yóò ṣàn, kò ní pọ̀ jù, kò ní kéré jù. Síbẹ̀ àlàyé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé àwọn ará ìgbà yẹn ń ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ní òòfà tó ń rìn dá pápá iná mànàmáná sílẹ̀, pápá yìí ló ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú ìkejì, wọ́n ní kò sí pápá iná kankan, pápá òòfà ló ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nítorí pé wọ́n ń rìn pẹ̀lú wáyà. Èyí kò tẹ́ Einstein lọ́rùn. Báwo ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, tí èsì rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣe máa ní ìdí méjì tó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní 1952, nígbà tó ti darúgbó, ó ṣì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé èrò yìí gan-an ló sún òun dé rẹlatífítì, ìyẹn àbá òun ti 1905: agbára tó ń ti ẹrù iná (ohun tó wà lára èérún bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó ń mú kó fa òmíràn tàbí kó tì í) tó ń rìn nínú pápá òòfà kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju pápá iná mànàmáná lọ.

Ohun tó bá a yọrí sí ni pé gbogbo ẹni tó ń rìn ní ìyára tí kì í yí padà, tí kò sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun dúró, òfin físíìsì kan náà ni yóò sì bá gbogbo wọn, títí kan ìyára ìmọ́lẹ̀. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, aago tó ń rìn gbọ́dọ̀ falẹ̀ lójú ẹni tó dúró, ohun tó ń rìn sì gbọ́dọ̀ súnkì ní ìhà tó ń lọ. Ìsúnkì yìí ni a máa lò báyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà bàbà kan tó nà tààrà. Àwọn átọ́ọ̀mù bàbà dúró sójú kan nínú rẹ̀, ẹrù iná wọn sì jẹ́ pọ́sítíìfù nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti kúrò lára wọn. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn gba àárín wọn ní ẹrù iná nẹ́gẹ́tíìfù. Iye méjèèjì dọ́gba, nítorí náà wáyà kò ní ẹrù iná kankan lójú àwa tí a dúró tì í. Ká wá sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà níta, tó ń bá àwọn ti inú wáyà rìn lọ sí ìhà kan náà, ní ìyára kan náà. Wáyà yóò fà á mọ́ra. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló fà á, a ó ní òòfà ni: iná tó ń ṣàn ti dá pápá òòfà sílẹ̀ yí wáyà ká, pápá òòfà sì máa ń ti ẹrù iná tó bá ń rìn. Ìdáhùn náà tọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ ká gun ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta yẹn lẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, òun kò rìn rárá, pápá òòfà kì í sì í ti ẹrù iná tó dúró sójú kan. Síbẹ̀ ó ń sún mọ́ wáyà, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, bó ti wù ká yí ibi tí a ti ń wò ó padà tó. Kí ló ń fà á nígbà náà? Ẹ wo inú wáyà láti orí ìjókòó wa tuntun yìí. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, àwọn átọ́ọ̀mù bàbà ló wá ń sá lọ sẹ́yìn. Nítorí pé wọ́n ń sá, àlàfo àárín wọn ti súnkì, wọ́n sì fún pọ̀ ju bí a ṣe rí wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí àwa rí pé wọ́n súnkì nígbà tí wọ́n ń rìn ti wá dúró báyìí, àlàfo wọn sì gbòòrò sí i. Pọ́sítíìfù pọ̀ sí i, nẹ́gẹ́tíìfù dín kù. Wáyà tí kò ní ẹrù iná lójú wa ní ẹrù pọ́sítíìfù lójú ẹni tó ń gun ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, pọ́sítíìfù sì máa ń fa nẹ́gẹ́tíìfù. Ohun tí àwa pè ní òòfà, iná mànàmáná ni lójú tirẹ̀.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan kò parẹ́, èyíkéyìí kò sì ti ibì kan wá. Wáyà tí iná ń gbà lọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí iná ń gbà padà. Ní apá tó ń bọ̀ yẹn, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sá ní òdìkejì lójú ẹni tó ń gun tiwa, wọ́n fún pọ̀ ju àwọn átọ́ọ̀mù lọ, nẹ́gẹ́tíìfù ló sì pọ̀ níbẹ̀. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye ẹrù iná kò yí padà fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí máa ń béèrè, ó sì dára. Tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ń súnkì bí wọ́n ṣe ń rìn, kí ló dé tí wáyà kò fi di nẹ́gẹ́tíìfù lójú àwa tí a dúró? Ìdí ni pé wọn kò so mọ́ra wọn bí èyí tí a kàn mọ́ ọ̀pá. Òmìnira wà fún wọn láti tò bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá fún pọ̀ jù ní ibì kan, wọn yóò ti ara wọn kúrò níbẹ̀, títí ẹrù iná yóò fi dọ́gba nínú wáyà tí àwa ń wò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ìyára náà ṣe kéré tó. Nínú wáyà bàbà tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan níbùú lóròó, tí iná ampere kan (ampere ni òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn) ń gba inú rẹ̀, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rìn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 26 lọ ní wákàtí kan. Ìgbín yára jù wọ́n lọ. Tí a bá ṣírò bí ìsúnkì wọn ṣe tó, a ó kọ òdo, a ó fi póìǹtì sí i, òdo 25 yóò sì tún tò tẹ̀lé e kí 3 tó yọjú. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ Einstein kò kan ohunkóhun àfi èyí tó bá ń sáré bí ìmọ́lẹ̀. Kí ló wá jẹ́ kí ìsúnkì tó kéré báyìí gbé irin, kó sì yí mọ́tò iná?

Iye ẹrù iná tó wà nínú wáyà ni. Nínú mítà kan péré wáyà tí mo sọ yẹn, ẹrù iná àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn jẹ́ nǹkan bíi coulomb 13,600; coulomb ni òṣùwọ̀n ẹrù iná. Ká tó lè mọ ohun tí èyí jẹ́, ẹ rò ó pé tí a bá gbé coulomb kan síbí, tí a gbé òmíràn sí mítà kan sí i, agbára tí wọ́n fi máa ti ara wọn tó ìwúwo nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 900,000. A kì í rí agbára yìí lójoojúmọ́ nítorí pé pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ti pa ara wọn rẹ́. Rẹlatífítì kàn mú kí ìparẹ́ náà ku díẹ̀ tíntín, ohun tó kù yẹn ló sì tó fún òòfà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ tán fún wáyà méjì tó jìnnà sí ara wọn ní mítà kan, tí ampere kan ń gba inú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń fa ara wọn jẹ́ newton 0.0000002 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí gan-an ni wọ́n fi sọ ohun tí ampere jẹ́ láti 1948 títí di ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nígbà tí wọ́n yí i sí iye ẹrù iná ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń dúró, tí wọn yóò wá kéde pé òòfà kò sí, pé iná mànàmáná tí rẹlatífítì kàn ń bò lójú ni. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì tó kù sì ṣe pàtàkì.

Ẹ rò ó báyìí. O dúró nínú pápá gbalasa, igi kan wà níwájú rẹ. O sọ pé igi náà jìnnà sí ọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin síwájú àti mẹ́ta sí ọ̀tún. Yí ara rẹ díẹ̀, kí o tún kà á. Iye tó wà níwájú àti èyí tó wà lọ́tùn-ún ti yí padà, apá kan iwájú ti di ọ̀tún. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé ọ̀tún kò sí, pé iwájú tó fara pamọ́ ni. Ìṣísẹ̀ márùn-ún sì ni igi náà fi jìnnà sí ọ tààrà, bó o bá fẹ́ kí o yí ìgbà ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni pápá iná, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní E, àti pápá òòfà, tí wọ́n ń kọ ní B, ṣe ń dàpọ̀ tí ẹni tó ń wò wọ́n bá yí ìyára rẹ̀ padà. Hermann Minkowski, tó ti kọ́ Einstein ní ìṣirò rí, ló jẹ́ kí ó hàn ní 1908 pé àkókò àti àyè para pọ̀ jẹ́ ohun kan, àti pé E àti B jẹ́ apá ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í yí padà, bí ìṣísẹ̀ márùn-ún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun tó kù tí a bá mú E ní ìlọ́po ara rẹ̀, tí a yọ B ní ìlọ́po ara rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn tí a ti fi ìyára ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀ sọ B yẹn di púpọ̀. Gbogbo ẹni tó ń wò ó ni yóò rí iye kan náà. Nínú wáyà wa, òòfà nìkan la rí láti ibi tí a dúró sí, iye náà sì wà lábẹ́ òdo. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sáré tó tí yóò fi rí iná mànàmáná nìkan. Ẹni tó gun ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pàápàá ṣì ní pápá òòfà níwájú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé pápá náà kò lè ti ohun tó dúró. Ti ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: òdo ni iye yẹn nínú rẹ̀, E àti B jọ dọ́gba láé, ẹni tó bá ń sá tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ yóò kàn rí i pé méjèèjì jọ dín kù. Irin òòfà pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ẹrù iná tó ń rìn nìkan. Òkòtó tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìṣirò Paul Dirac ti 1928, tó fi rẹlatífítì àti kúáńtọ́ọ̀mù (ìmọ̀ nípa àwọn èérún tín-ń-tín) ṣe, ló sì sọ iye rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dàpọ̀ kò sì dọ́gba lójú wa. Ẹni tó bá ń rìn ní mítà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú pápá òòfà tesla kan (tesla ni òṣùwọ̀n agbára pápá òòfà) yóò rí pápá iná tó jẹ́ volt 300 fún mítà kan, èyí tó ṣeé wọ̀n wẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ pápá iná volt 300 fún mítà ló gba inú rẹ̀ kọjá ní ìyára kan náà, òòfà tí yóò rí kò ju ìdá kan nínú tírílíọ̀nù tesla lọ. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ fi rọrùn láti ṣe, àmọ́ tó di 1876 kí Henry Rowland tó fi hàn ní Berlin, pẹ̀lú àwo tí a fún ní ẹrù iná tí a sì ń yí kíákíá, pé ẹrù iná tí a kàn gbé rìn lè yí abẹ́rẹ́ òòfà.

Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù ń bá èyí pàdé ní gbogbo ìgbà. Kókó átọ́ọ̀mù ní pápá iná. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yí i po ń rí apá kan rẹ̀ bí òòfà, òòfà yìí sì ń yí agbára rẹ̀ padà díẹ̀. Nínú iná aláwọ̀ òféfèé tí sódíọ̀mù máa ń tàn, èyí ló fa ìlà méjì níbi tí ojú ti rí ọ̀kan, tí ìgùn ìgbì wọn jẹ́ nánómítà 589.0 àti 589.6. Ní ilé ìwádìí Brookhaven ní New York, níbi tí wọ́n ti mú kókó átọ́ọ̀mù wúrà sáré ní ìdá 99.995 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀, pápá iná tó yí kókó kọ̀ọ̀kan ká ti fẹ̀ pẹlẹbẹ bí àwo, E àti B rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, débi pé a lè kà á sí ìmọ́lẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tó wà níbẹ̀ kéde pé nígbà tí méjì nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, ìmọ́lẹ̀ pàdé ìmọ́lẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pósítírọ́ọ̀nù, èkejì rẹ̀ tó ní ẹrù pọ́sítíìfù, sì jáde.

Èyí ló mú wa padà sọ́dọ̀ múọ́ọ̀nù Fermilab. Òrùka tí wọ́n ń sáré yí ní pápá òòfà tesla 1.45, ṣùgbọ́n òòfà yẹn nìkan kò lè dá wọn dúró kí wọ́n má tàn ká sókè àti sísàlẹ̀. Irin oníná ló ń ṣe ìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé pápá iná àwọn irin yìí, lójú múọ́ọ̀nù tó ń sá, ti di òòfà lápá kan, òòfà yẹn yóò sì yí òkòtó tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Pápá kan náà tún ń tẹ ọ̀nà múọ́ọ̀nù. Àwọn tó ṣe irú ìwádìí yìí ní CERN, ilé ìwádìí kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní àwọn ọdún 1970 ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n náà: ní ìyára kan péré, bí ọ̀nà ṣe tẹ̀ àti bí òkòtó ṣe yí dọ́gba, igun tó wà láàárín wọn kò sì mọ̀ pé irin oníná wà níbẹ̀. Ní ìyára yẹn, aago múọ́ọ̀nù fi ìlọ́po 29.3 falẹ̀. Ìyẹn ló tún jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ̀, tí ì bá jẹ́ ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, gùn dé nǹkan bí 64.

Ní ilé ìwádìí J-PARC, ní ìlú Tokai lórílẹ̀-èdè Japan, wọ́n ń múra láti gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mú múọ́ọ̀nù falẹ̀ gidigidi, kí wọ́n tó tún tì í síwájú, débi pé kò ní tàn ká, wọn kò sì ní nílò irin oníná. Tí kò bá sí pápá iná, kò sí èyí tí yóò di òòfà lójú múọ́ọ̀nù, ìyára idán kò sì pọn dandan mọ́. Òrùka Fermilab jẹ́ mítà 14 láti etí kan dé ekejì. Ti J-PARC yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66.